Ìyípo kan tó lé: rédíò kékeré tí mo fọwọ́ ara mi jó pọ̀

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti ń lọ lù nígbà tí mo yọ íápíìsì létí, tí mo jù ú sórí tábìlì, tí mo sì kọ ímeèlì kan sí àwọn tó ta kíìtì yìí fún mi, ìyẹn àwọn ẹ̀yà rédíò tí èèyàn á fọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀. Mi ò lè tẹ ohun tí mo kọ síbí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi jó o pọ̀, alẹ́ mẹ́ta sì ni mo fi jókòó tì í. “Ṣíííí” nìkan ni mo gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá irú rẹ̀ ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: SA612 kan (ègé tó ń sọ ìgbì rédíò di ohùn), LM386 kan (èyí tó ń gbé ohùn náà sókè), bátìrì 9V, kí èèyàn lè máa gbọ́ àwọn ham, àwọn tó ń fi rédíò tara wọn bára wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn, lórí mítà 40, ìyẹn láti 7.000 dé 7.200 MHz. Mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Kí n má parọ́, wọ́n di ẹrù náà dáadáa. Wọ́n ya àwọn rèsísítọ̀ sọ́tọ̀ ní ìdì ìdì, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, kàpásítọ̀ 104 kan tiẹ̀ lé. Bọ́ọ̀dù náà le, mo jó ẹsẹ̀ LM386 lẹ́ẹ̀mejì nítorí àṣìṣe tèmi, kò bó. Ìwé ìlànà wọn ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tó dé orí kọ́ìlì, wáyà tí a ń wé tó ń pinnu ibi tí rédíò á ti máa gbọ́ (bí ìyípo bá ṣe ń pọ̀ sí i ni nọ́ńbà ibẹ̀ ń wálẹ̀), gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ: “Wé wáyà ní ìgbà 25 sára òrùka pupa.” Kò sí àwòrán, kò sí àlàyé.

Mo ki wáyà bọ inú ihò òrùka, mo fà á dọ́gba. Mo ní ìyẹn kò tíì wé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kì í bọ̀ ọ́ ni. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wé e, mo ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé 25. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí mo tan án, mo fi orí screwdriver kan ẹsẹ̀ àárín ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn sókè, ó dún “hùùù” sí mi létí. Mo ní ọpẹ́ o, ó yè. Mo ki áńtẹ́nà bọ̀ ọ́, wáyà mítà 20 tí mo gé sí méjì ọgbọọgba, ariwo náà sì pọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Ó ń gbọ́ nǹkan nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí èèyàn níbẹ̀. Mo yí i láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kò sí Morse (ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi dí àti dáà sọ), kò sí ohùn ẹnikẹ́ni, àfi nǹkan kan tó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Alẹ́ kẹta ni mo kọ ímeèlì yẹn.

Ìdáhùn dé lọ́jọ́ kejì. “Ẹ ṣeun tí ẹ ra ọjà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó bóyá bátìrì yín ṣì lágbára.” Mo ti sọ fún wọn nínú ìlà kejì lẹ́tà mi pé bátìrì náà tuntun ni, mo sì ti kọ iye tí mítà kà lórí rẹ̀. Mo fèsì. Lẹ́tà kan náà tún padà wá, kòmá kò yẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbínú. Mo kọ ẹ̀kẹta, mo ní tí wọ́n bá tún dárúkọ bátìrì, kí wọ́n dá owó mi padà.

Obìnrin kan ló dáhùn èyí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: “Ẹ má bínú, ẹni tó ti ń dá yín lóhùn kò ka lẹ́tà yín.” Ara mi rọ̀. Ó ní ṣé mo ní rédíò mìíràn tó ń gba shortwave. Mo ní i. Ó ní kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíìtì náà, kí n fi nọ́ọ̀bù kíìtì sí àárín, kí n wá máa yí rédíò kejì ní àyíká 7 MHz. Ó ní ibi tí ariwo rẹ̀ bá ti dákẹ́ wẹ́lo, ibẹ̀ ni kíìtì mi ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ kò sí níbi tó yẹ o. 6.83 ni mo bá a.

Ó tún ní kí n ya fótò kọ́ìlì náà, kí n tan iná sẹ́yìn rẹ̀, kí inú ihò lè hàn. Mo yà á, mo fi ránṣẹ́. “Mo ka 26,” ló kọ. Mo kọ̀ ọ́, mo ní èmi ni mo wé e, 25 ni. Kò bá mi jà. Ó ní kí n má ka ẹ̀yìn òrùka, kí n ka wáyà tó gba inú ihò kọjá, nítorí gbogbo ìgbà tí wáyà bá ti wọ ihò, ó ti di kan, títí kan èyí tí a kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Ó wá ṣírò rẹ̀ fún mi: 7.1, tí í ṣe àárín ibi tó yẹ kó wà, lọ́nà 25, pín in sí 26, ó jẹ́ 6.83. Gẹ́lẹ́ ibi tí mo ti bá a. Ìyẹn ni pé mo ti fi alẹ́ mẹ́ta jókòó sí ojúlé ẹlòmíràn, mo ń bínú pé àwọn ará ilé mi kò sọ̀rọ̀.

Ojú tì mí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tú ẹsẹ̀ kọ́ìlì kan, mo yọ ìyípo kan, mo gé e, mo fi abẹ fá ọ̀dà ara wáyà títí bàbà fi ń kọ mọ̀nà, mo tún un jó.

Mo yí nọ́ọ̀bù bí ẹní ń yí ojú abẹ́rẹ́. Dáà-dí-dáà-dí, dáà-dáà-dí-dáà. CQ! Ẹnì kan ń pe ẹni yòówù tó bá wà níbẹ̀. Mo pariwo, àwọn tó ń sùn jí. Níwájú díẹ̀, mo gbọ́ nǹkan tó ń ké bí pẹ́pẹ́yẹ. Mo yí i ní ìwọ̀n irun kan, pẹ́pẹ́yẹ di ọkùnrin àgbàlagbà, ó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìjì ti já áńtẹ́nà òun sílẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ẹjọ́ áńtẹ́nà yẹn tán.

Ó tún láléébù o. Béèyàn bá ń yí nọ́ọ̀bù, Morse kan náà á dún lẹ́ẹ̀mejì, lápá òsì àti lápá ọ̀tún ibi tó wà gan-an, bí irú rédíò yìí ṣe rí nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ńlá tó wà lókè 7.200 á máa kọrin lábẹ́ gbogbo nǹkan, ibi yòówù kéèyàn yí i sí, àfi téèyàn bá dín agbára áńtẹ́nà kù. Bí mo bá na ọwọ́ sún mọ́ ọn, ohùn á yí padà. Ó fẹ́ àpótí onírin, wọn kò sì fi àpótí kankan sí i. Bí bátìrì bá ń kú lọ, á máa ṣe “pùtù-pùtù-pùtù” bí ọkọ̀ ojú omi. (Bátìrì náà jàre nígbẹ̀yìn.)

Mo kọ̀wé sí obìnrin yẹn pé kí wọ́n fi gbólóhùn kan péré kún ìwé ìlànà, pé inú ihò ni kí èèyàn ti kà á. Ó ní òun ti sọ ọ́ fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Gbogbo alẹ́ ni mo ń tan rédíò yìí báyìí. Mo ti ra ti mítà 20 pàápàá, ó dé lánàá. Mo ṣí ìwé ìlànà rẹ̀ sí ojú ewé kọ́ìlì: “Wé wáyà ní ìgbà 16 sára òrùka pupa.” Ó parí síbẹ̀.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún.