Ìwé Ìwádìí Adájọ́ Scott: Ẹ Fara Balẹ̀ Kà Á

Ìwé tí Adájọ́ Richard Scott kọ lẹ́yìn tó ṣèwádìí bí Ìlú Ọba ṣe ta ohun tó lè wúlò fún ogun fún Ìráákì, ìdìpọ̀ márùn-ún ni, ó ju ojú ìwé 1,800 lọ. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta àlòkù ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á. Kò dì í dáadáa, ẹ̀yìn ìdìpọ̀ kan ti là kí n tó ṣí i. Ó dùn mí, àmọ́ n kò dá a padà.

Iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe. Bàbá mi ló kọ́ mi n'Íbàdàn, nídìí ẹ̀rọ tó máa ń yí irin kí ọ̀bẹ rẹ̀ lè gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo dé Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbà ibi iṣẹ́ wa ṣì ń sọ̀rọ̀ Matrix Churchill, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹ̀rọ tó gbẹ́ irin ọkọ̀ lè gbẹ́ ọta àgbá. Ìráákì ló ń ra ẹ̀rọ wọn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni Abala D. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí bí ìjọba ṣe yí ìlànà lórí títa nǹkan fún Ìráákì padà ní bòókẹ́lẹ́. Ìjọba Ìlú Ọba ti ṣe ìlànà lọ́dún 1984 lórí ohun tí wọ́n lè tà fún Ìráákì àti Ìránì nígbà tí wọ́n ń jà. Ogun náà dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹjọ 1988. Kí ọdún tó parí, mínísítà kékeré mẹ́ta, Alan Clark, William Waldegrave àti Lord Trefgarne, jọ tú okùn ìlànà náà. Wọn kò sọ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Lọ́dún 1989, àwọn aṣòfin ń kọ lẹ́tà béèrè, èsì tí wọ́n ń rí gbà ni pé nǹkan kan kò yí padà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1990, Ìráákì wọ Kuwait. Nígbà tó di 1991, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lójú ogun, tí wọ́n ń bá Ìráákì yẹn kan náà jà.

Abala G ló bí mi nínú. Ọ̀gá mẹ́ta ní Matrix Churchill ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ Old Bailey lọ́dún 1992, wọ́n ní wọ́n tan ìjọba jẹ nígbà tí wọ́n ń gba ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, Paul Henderson, ti ń sọ ohun tó rí ní Ìráákì fún MI6, àjọ amí Ìlú Ọba! Àwọn mínísítà fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n má gbé fáìlì ìjọba jáde. Adájọ́ kọ̀, ó ní kí wọ́n gbé e wá. Nígbà tí Clark jẹ́rìí ní oṣù Kọkànlá, tó gbà pé ìjọba mọ ohun tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ náà ṣe, ẹjọ́ náà tú ká. Ká ní adájọ́ yẹn gbà fún wọn ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n ì bá jẹ àwọn ọkùnrin yẹn.

Àléébù ìwé yìí ni èdè Scott. Kò ṣe àkékúrú kankan síwájú, ó sì máa ń fi “kì í ṣe pé kò” lé “kì í ṣe pé kò” títí ojú èèyàn á fi ṣú. Ó ní lẹ́tà tí Waldegrave fi dá àwọn aṣòfin lóhùn ṣì wọ́n lọ́nà, ó tún ní ọkùnrin náà kò ní i lọ́kàn láti tan ẹnikẹ́ni. Ibi tí ìjọba sá sí nìyẹn. Wọ́n ti ní ìwé náà lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú kí ó tó jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 1996. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fún Robin Cook tó ń sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ alátakò. Nígbà tí àwọn aṣòfin dìbò lórí ìwé náà ní ọjọ́ 26 oṣù yẹn, ìjọba ní 320, alátakò ní 319. Mínísítà kan kò fipò sílẹ̀.

Ẹ rà á bí ẹ bá rí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Abala D. Mo ti lẹ èyí tó là. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ibi iṣẹ́ wa ti yá ìdìpọ̀ tí ẹjọ́ náà wà nínú rẹ̀. Kò tíì dá a padà, n kò sì béèrè.