Hotplate tàbí Induction: Èwo Ni Kí Ẹni Tó Ń Gbé Yàrá Kan ní Ìlú Ọba Rà?

Ẹni tó bá gba yàrá kan ṣoṣo ní Ìlú Ọba, tí kò bá nǹkan ìdáná kankan níbẹ̀ ju kẹ́tùlù lọ, kò ní pẹ́ mọ̀ pé ẹ̀bà ni omi kẹ́tùlù lè tẹ̀, kò lè se ọbẹ̀. Sítóòfù oníná mànàmáná méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà: hotplate, ìyẹn sítóòfù onírin dúdú, àti induction tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì pẹrẹsẹ. Mo ti lo méjèèjì. Hotplate wà lórí tábìlì mi. Induction wà lábẹ́ ibùsùn.

Kí ẹ tó béèrè iye owó, ìkòkò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Agbára òòfà ni induction fi ń mú ìdí ìkòkò gbóná, nítorí náà, ìkòkò tí òòfà kò bá lè lẹ̀ mọ́ kò wúlò lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi. Mo ra tèmi ní pọ́ùn 45, mo gbé ìkòkò alumíníọ̀mù tí ìyá mi dì sínú ẹrù mi láti Ìbàdàn lé e, ó ké píì lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ lẹ́tà E síta, ó sì kú. Mo gbà pé ó ti bàjẹ́. Mo dá a padà, wọ́n fún mi ní òmíràn, òun náà tún ké píì. Ìgbà tí mo yọ òòfà tí a fi ń lẹ ìwé mọ́ ara fìríìjì, tí mo fi kan ìdí ìkòkò náà, tó sì já bọ́ sílẹ̀, ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Ìkòkò méjì tí mo wá rà gba pọ́ùn 60, ó ju owó sítóòfù fúnra rẹ̀ lọ.

Ní ti yíyára àti owó iná, induction ló borí. Gíláàsì náà sì rọrùn láti nù.

Ṣùgbọ́n induction olówó pọ́ọ́kú kò mọ iná kékeré í jó: bí ẹ bá dín in kù, ṣe ni yóò máa tàn, tí yóò máa kú, ata á sì máa lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Hotplate máa ń pẹ́ kó tó gbóná, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í tètè tutù. Bí omi ìrẹsì bá ti fẹ́ gbẹ, mo máa ń pa á, ooru tó kù nínú irin náà á sì sè é jinná bí ẹyin iná ṣe máa ń ṣe nílé. Bí ẹ bá ń ro àmàlà, ẹ ní láti sọ ìkòkò kalẹ̀ kí ẹ tó lè fi aṣọ dì í mú. Kí ẹ tó gbé e padà sórí iná, induction á ti pa ara rẹ̀.

Kẹ́tùlù ibẹ̀ ń gba nǹkan bíi wáàtì 3,000, bẹ́ẹ̀ ni ẹkísítẹ́ńṣọ̀n 13 amp kan kò lè gbé ju ìyẹn lọ, nítorí náà, ẹ má ki kẹ́tùlù àti sítóòfù bọ ẹkísítẹ́ńṣọ̀n kan náà. Ẹ ka ìwé àdéhùn ilé pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ onílé kò fẹ́ ìdáná nínú yàrá.

Ẹni tí kò ní ìkòkò rárá lè ra induction, kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó bá gbé ìkòkò wá láti ilé, tó sì ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, hotplate ni kó rà. Tèmi tó wà lábẹ́ ibùsùn ṣì ń wá oníbàárà. Màá fi ìkòkò méjèèjì kún un.