Àṣíborí tí ọmọ mi gbà láti dé sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́fà, ó sì ti ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn ará Texas níbí ń pè ní four-wheeler. Àṣíborí tó ń dé gùn ún ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí mo mọ̀ pé òbí tó ń bá ọmọ fa ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Irú ti motocross ni, ìyẹn eré ìje alùpùpù lórí ilẹ̀ eléruku, ìwọ̀n ọmọdé. Ó bo gbogbo orí dé ìpàkọ́, apá iwájú rẹ̀ yọ síta láti dáàbò bo àgbọ̀n àti eyín, ike pẹlẹbẹ kan sì wà lókè tó ń dí oòrùn. Owó rẹ̀ lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀ pọ̀, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kan gbogbo wọn. Ó dára, màá tún ra irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rà á tí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sórí ọmọ, pàápàá ọmọbìnrin tó dirun, inú gáréèjì ló máa wà.

Àwọn kan bi mí pé ṣé èyí tó fi ń gun básíkù kò tó ni. Kò tó. Ọmọ tó bá ṣubú lórí básíkù sábà máa ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní ẹ́ńjìnnì, ó wúwo ju ọmọ lọ fíìfíì, bí táyà iwájú bá sì kọ lu kùkùté tàbí tó já sí kòtò, ojú ọmọ ló máa lọ pàdé hándù. Ó tún lè yí dà lé e lórí. Àṣíborí básíkù kò bo àgbọ̀n, kò bo ìpàkọ́ tán, wọn ò sì ṣe é fún irú ìkọlù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá dé ilé ìtajà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2013 ni òfin ti ní kí àkọlé ẹ̀yìn àṣíborí alùpùpù tuntun ní DOT (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìnnà), FMVSS No. 218 (nọ́ńbà ìlànà àṣíborí) àti CERTIFIED (pé ó kún ojú ìlànà náà), pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti orúkọ irú àṣíborí náà. Bó bá jẹ́ lẹ́tà DOT nìkan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fura, torí ẹnikẹ́ni ló lè ra sítíkà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ECE 22.06, ìlànà àṣíborí ti ọ̀dọ̀ yín, ni kí ẹ wá. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Fóòmù líle tó wà lábẹ́ aṣọ inú ló ń ṣiṣẹ́ gan-an, ó sì yẹ kó nípọn tó bí íǹṣì kan. Bí orí bá gbá nǹkan, fóòmù yẹn ló máa fún pọ̀ dípò orí, tó bá sì ti fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í padà sí bó ṣe wà mọ́, bí ara àṣíborí tiẹ̀ ń dán. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ra òkìríkà àṣíborí fún ọmọ láéláé. Kò sẹ́ni tó mọ ilẹ̀ tó ti gbá rí. Snell Foundation, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ dídán àṣíborí wò, tiẹ̀ ní kí èèyàn pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ká tiẹ̀ ní kò gbá nǹkan kan.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọmọ gan-an. Nígbà tá a kọ́kọ́ gbé e lé e lórí, ẹkún ló bú sí. Àbúrò ọkọ mi wà níbẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kó máa gùn ún bẹ́ẹ̀, agídí ló ń ṣe." Agídí kọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bi í pé níbo ló ń dùn ún, ó sì fọwọ́ kan abẹ́ etí ọ̀tún. Yẹtí wúrà kékeré tí ìyá ọkọ mi fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn ló há sáàárín etí àti tìmùtìmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ àṣíborí náà, ẹ̀yìn yẹtí náà sì ń gún un. Etí fúnra rẹ̀ tún ti ká síwájú nígbà tí àṣíborí ń wọlé. Àgbàlagbà gan-an ò ní lè fara da ìyẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo yọ yẹtí méjèèjì, mo tún un dé fún un, ojú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọbìnrin, ẹ yọ yẹtí kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí ẹ ṣe máa gbé e wọlé rèé: ẹ di okùn rẹ̀ mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ẹ fà wọ́n síta dáadáa kí ẹnu àṣíborí lè là. Iwájú orí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá rọra fà á sẹ́yìn wálẹ̀. Tó bá ti wọlé tán, ẹ ti ìka kan gba abẹ́ tìmùtìmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹ tún etí náà nà, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì. Ní báyìí, ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé, "Mọ́mì, etí òsì ò tíì jókòó."

Irun ló tún kù, kò sì sí ibì kankan nínú ìwé tó bá àṣíborí náà wá tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ràn ṣùkú. Bẹ́ẹ̀, gbogbo irun ni ṣùkú kó jọ sókè, orí òkìtì irun yẹn ni àṣíborí á wá gbé jókòó dípò kó jókòó sórí agbárí. Á máa mì, á yọ sókè, iwájú orí á sì ṣí sílẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ inú irun burú ju ìyẹn lọ. Ohun líle ni, bó bá wà láàárín orí àti fóòmù lọ́jọ́ tí ọmọ bá ṣubú, inú orí ọmọ ló máa tẹ̀ wọ̀. Bákan náà ni kílíìpù àti bọ́bù. Ìpàkọ́ẹlẹ́dẹ̀ kò ṣe é, torí ọ̀dọ̀ iwájú orí ni ìdí irun ń bọ̀. Kọ́lẹ́sẹ̀ ni mo ń di fún un báyìí lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tá a bá fẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì. Ó lẹ̀ mọ́ orí, ó sùn sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ á sì gba ìpàkọ́ jáde lábẹ́ àṣíborí. Àwọn kan ní kí n dé bọ́nẹ́ẹ̀tì sátínì fún un lábẹ́ rẹ̀ kí irun má bàa gé. Sátínì ń yọ̀, àṣíborí á máa yí lórí rẹ̀. Fìlà òwú fẹ́ẹ́rẹ́ tó fún mọ́ orí ló dáa.

Lẹ́yìn tí mo dirun tán ni mo wọn orí rẹ̀ pẹ̀lú téèpù télọ̀: ìbú ìka kan lókè irun ojú, kó gba òkè etí kọjá, kó yí ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù lọ ká. Sẹ̀ǹtímítà 51 ni. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní ilé ìtajà kan tá a kọ́kọ́ wọ̀ ní kí n mú ti 54, pé irun rẹ̀ máa gba àyè, pé ọmọ á sì dàgbà bá a. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú gidigidi, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, ó sì yẹ kó mọ̀. Aṣọ ọdún la máa ń rà tó tóbi kí ọmọ lè wọ̀ ọ́ dọ́dún mẹ́ta. Àṣíborí tó bá tóbi á ṣí kúrò lórí ní ìṣẹ́jú àáyá tí ọmọ nílò rẹ̀ jù.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé màá ní kó mi orí sọ́tùn-ún sósì. Awọ iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ máa bá àṣíborí lọ. Bí orí bá ń yí nínú rẹ̀, ó tóbi. Màá so okùn, màá wá gbé ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, màá tì í sókè síwájú. Bó bá lè ṣí, mi ò ní rà á. Kó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ díẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí tìmùtìmù náà máa rọ̀. Èyí tá a rà yìí ní tìmùtìmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣeé yọ, wọ́n sì ń ta èyí tó nípọn àti èyí tó fẹ́lẹ́ lọ́tọ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Okùn rẹ̀ ló ń yọ èèyàn lẹ́nu. Òrùka irin méjì ni wọ́n fi ń so ó: okùn á gba inú méjèèjì kọjá, á yí padà lórí ọ̀kan, á sì gba inú èkejì, lẹ́yìn náà lẹ á wá fà á. Bọ́tìnì kékeré tó wà níparí okùn kì í ṣe ohun tó ń di àṣíborí mú o, ìrù okùn ló wà fún kó má máa fò kiri. Mo ti rí òbí tó jẹ́ bọ́tìnì yẹn nìkan ló tẹ̀ fún ọmọ. Tí ẹ bá ń fà á, ẹ fi ìka tiyín sáàárín irin àti ọrùn ọmọ. Bí irin yẹn bá fún ọmọ lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan, ó di ọjọ́ mìíràn kó tó gbà fún yín.

Nígbà tí kò sí ohun tó ń dùn ún mọ́, ẹ̀rù ló kù. Inú àṣíborí ṣókùnkùn, ọmọ ń gbọ́ èémí ara rẹ̀, ohùn ìyá rẹ̀ sì jìnnà. Ilé la ti borí ìyẹn. Á dé e wo kàtúùnù díẹ̀ láìfi awò eruku sí i, dádì rẹ̀ á sì dé tirẹ̀ jókòó tì í. A pe ìyá ọkọ mi lórí WhatsApp, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ni ṣọ́jà tẹ́ ẹ gbà sílé yìí?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín débi pé kò fẹ́ ká yọ ọ́ mọ́. Òun ló mú àwọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọ̀ ewé. Mi ò jẹ́ kó kùn ún lọ́dà, torí ìwé rẹ̀ kìlọ̀ pé ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù lè ba ara àṣíborí jẹ́.

Ní pápá, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ń wà. Àṣíborí, awò eruku, ìbọ̀wọ́, bàtà, ká tó wá sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Bó bá yọ ọ́ láàárín eré, ẹ́ńjìnnì kú, a ti parí ti ọjọ́ yẹn. Mi ò ní pariwo, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́. Dádì rẹ̀ náà kì í gun tirẹ̀ láìdé àṣíborí, ì báà ṣe láti gáréèjì dé ẹnu géètì, torí ọmọ ń wò ó.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ló dé tí a ò máa lo èyí tí wọ́n ń yáni níbi tí wọ́n ti ń gbé kẹ̀kẹ́ yìí háyà. A dé ọ̀kan nínú irú ibẹ̀. Àṣíborí tí wọ́n nà sí wa ṣì tutù fún òógùn ẹlòmíì, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì bá ọmọ kankan mu. Ó rán mi létí January 2009 ní Nàìjíríà, nígbà tí FRSC ní kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ máa dé àṣíborí. Àwọn kan ń dé igbá, àwọn kan ń dé korobá ọ̀dà, ọ̀pọ̀ èrò ò sì fẹ́ fi ti gbogbo ayé sórí nítorí làpálàpá àti nítorí oògùn. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ orí ṣe rí lára wa. Ẹ ra ti ọmọ yín fún un.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un. American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé, ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 má gun kẹ̀kẹ́ yìí rárá. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn mi, mi ò sì ní bá òbí tó bá tẹ̀ lé e jiyàn. Èmi àti ọkọ mi gbà pé èyí tí wọ́n kọ Y-6+ (ti ọmọ ọdún mẹ́fà sókè) sí lára nìkan ló máa gùn, èyí tí kò lè sá ju máìlì 15 ní wákàtí kan, tí àgbàlagbà sì lè dín kù sí 10. A ti dín in kù. Kì í gbé ẹnì kejì, kì í jáde sí títì, a kì í sì í fi ojú sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ọmọ sórí kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà nítorí pé ó dé àṣíborí.

Àwọn ibi tó kù sí: ó lé ní kílò kan, ọrùn ọmọ ọdún mẹ́fà sì kéré. Tó bá ti ní "Mọ́mì, orí mi ti wúwo," a máa ń sinmi lábẹ́ igi, kó yọ ọ́. Láti oṣù kẹfà, ooru Texas ò jẹ́ ká lò ó lẹ́yìn aago mẹ́wàá àárọ̀. Ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ń gba eruku náà wọlé. Kì í gbọ́ ìpè wa dáadáa nínú rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀: ọwọ́ nínà sókè túmọ̀ sí pé kó dúró.

Aṣọ inú rẹ̀ ṣeé yọ fọ̀, ọwọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ọmọdé, mo sì ń sá a síbòji. Ṣùgbọ́n òróró irun àti òrí ń wọ inú rẹ̀ kíákíá, kì í sì í tètè gbẹ. Mo ti ra aṣọ inú kejì sílẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni mo rà, kí ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ti àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ti YM (ìwọ̀n àárín fún ọmọdé) kì í wọ inú YS (ìwọ̀n kékeré).