Ẹ Ṣọ́ra fún Ẹni Tó Ń Ta Tune Láì Rí Ọkọ̀ Yín

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sínú ọkọ̀ yín, tí ẹ wá ń wá ẹni tí yóò bá yín tune é (ìyẹn ni pé kó ṣètò bí brainbox, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, ṣe ń darí ẹ́ńjìnnì), ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí owó yín tó jáde.

Àwọn oníṣòwò kan ti pọ̀ níta báyìí, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti dárúkọ ẹ́ńjìnnì fún wọn, èsì kan náà ni wọ́n máa fún yín: "Fáìlì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi," ìyẹn ètò tí brainbox ń tẹ̀ lé. Wọn kì í béèrè bí nọ́sù tó ń fọ́n epo ṣe tóbi tó. Wọn kì í béèrè bóyá bẹntiróòlù lásán ni ẹ ń lò tàbí èyí tí wọ́n pò mọ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ìyẹn nìkan tó láti da gbogbo ìṣirò rú: bẹntiróòlù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 sí epo ìwọ̀n 1 kó tó jó tán, E85, èyí tí ẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀, ń fẹ́ bíi 9.8 péré. Owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè.

Inú brainbox ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ti ka fáìlì yẹn jáde. Ẹ lè sọ pé ẹ́ńjìnnì kan náà kúkú ni. Òótọ́ ni, àmọ́ nígbà tí ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tiyín, páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ti yí padà, sàlẹ́ńsà ti yí padà, ẹ̀rọ tó ń fa epo láti inú táǹkì sì lè má jẹ́ irú kan náà. Ẹ wo sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní MAF. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú páìpù tirẹ̀, tí wọ́n fi sínú èyí tó fẹ̀ jù ú lọ, afẹ́fẹ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yára mọ́ bó ṣe ń kọjá lára rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ á wá sọ fún brainbox pé afẹ́fẹ́ tó wọlé kò pọ̀, brainbox á fọ́n epo díẹ̀, epo ò ní tó. Fáìlì àdàkọ kò lè mọ ìyẹn.

Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n rí èèyàn mú ni pé ọkọ̀ náà á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Á gba sítáàtì, ẹ́ńjìnnì á máa dún jẹ́jẹ́ lójú kan. Nígbà tí ẹ bá ń rọra wà á, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára sàlẹ́ńsà ló ń bo àṣìṣe inú fáìlì mọ́lẹ̀: bí epo bá kéré, brainbox á fi kún un, bó bá pọ̀ jù, á yọ díẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá tẹná mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ brainbox kì í gbọ́ ti sẹ́ńsọ̀ yẹn mọ́. Ohun tó wà nínú fáìlì nìkan ló máa tẹ̀ lé. Níbi tí ooru pọ̀ jù gan-an nìyẹn, ibẹ̀ sì ni irọ́ ti ń hàn. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ẹ́ńjìnnì onítọ́bò (tọ́bò ni ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì) sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ra irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ń rìn kẹlẹlẹ láàárín ìgboro. Ìgbà àkọ́kọ́ tó tẹná dáadáa lórí òkè, píìsìtìnnì kan yọ́. Ẹni tó ta fáìlì ní ẹ́ńjìnnì àlòkù yẹn ni kò dáa. Bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ti tune ọkọ̀ yín, ẹ ní kó fi àkọsílẹ̀ hàn yín, log tí wọ́n fi wideband (sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo dáadáa) gbà sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ agbára. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn lásán kò lè ka iye náà dáadáa níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò sábà máa ń wà ní nǹkan bíi afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 12.5 sí 13 fún epo ìwọ̀n 1 nígbà tí wọ́n bá tẹná mọ́lẹ̀, onítọ́bò sì máa ń wà nísàlẹ̀ ìyẹn. Bí kò bá ní log, kò tune ohunkóhun.

Àwọn mìíràn á gbé gíráàfù dyno, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, jáde láti fi dá yín lójú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bó bá jẹ́ horsepower (agbára ẹ́ńjìnnì) àti torque (ipá tó fi ń yí) ní lb-ft ni wọ́n yà sórí òṣùwọ̀n kan náà, ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjá lára ara wọn ní 5,252 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ayédèrú ni. (Mo ti rí èyí tí wọ́n fọwọ́ yà. Ẹ̀rín pa mí.)

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé immobilizer, ohun tí kì í jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ àjèjì sítáàtì ọkọ̀, nìkan ni wọ́n pa. Lẹ́yìn ìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, brainbox tuntun kì í mọ kọ́kọ́rọ́ yín, ọkọ̀ ò ní gba sítáàtì. Wọ́n á pa á, ọkọ̀ á jí, wọ́n á gba owó tune. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta nǹkan kékeré oníná tí wọ́n ń kì bọ ihò OBD (ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀ nínú ọkọ̀) fún yín pé tune ni. Ọ̀pọ̀ wọn, bí ẹ bá tú u, iná tó ń ṣẹ́jú nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bi yín bóyá brainbox àtilẹ̀wá ṣì lè darí ẹ́ńjìnnì náà. Bó bá lè darí rẹ̀, wọ́n á tún inú rẹ̀ kọ. Bí kò bá lè darí rẹ̀, ó di standalone, ìyẹn brainbox mìíràn tó ń dá darí ẹ́ńjìnnì. Èyí tí wọ́n ń pè ní piggyback, tó kàn ń parọ́ fún brainbox àtijọ́, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pààrọ̀. Ẹni tó bá ń ti ọ̀kan ṣoṣo sí gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ẹnu dùn ún ròfọ́ ló ń ṣe.

Kí ẹ tó gbà kó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ gba ẹ̀dà fáìlì àtilẹ̀wá sọ́wọ́, kí ẹ sì bi í bóyá yóò fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti tirẹ̀ pa. Bó bá tì í, kò sí ẹlòmíràn tó máa rí inú rẹ̀ láti tún un ṣe. Ẹ sì rí i pé ó so ṣájà mọ́ bátìrì nígbà tó bá ń kọ fáìlì wọlé. Bí iná bá wálẹ̀ láàárín rẹ̀, brainbox lè kú síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra irú fáìlì àdàkọ bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹná mọ́lẹ̀. Ẹ rọra wà á lọ síbi tí wọ́n ti ní wideband, kí ẹ ní kí wọ́n wọn compression (bí ó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá olùtà náà sọ kí ẹ tó lọ béèrè owó yín padà.