Nọ́ńbà 1553 ní Filipínì: ṣé ọ̀dọ́ lè fi ṣe alábàárò?

Ilé ìwòsàn ìjọba fún ìlera ọpọlọ tó wà ní Mandaluyong, èyí tó ń jẹ́ National Center for Mental Health, ló dá iṣẹ́ ìpè orí tẹlifóònù tó ń lo nọ́ńbà 1553 yìí sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, nígbà tí òfin ìlera ọpọlọ tí orílẹ̀-èdè náà ṣe ní 2018 kò tíì pé ọdún kan. Tọ̀sán-tòru ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú. Ojú ọmọ ọdún 13 sí 19 ni mo fi wò ó.

Ní ilé àwọn ará Filipínì, ìrànlọ́wọ́ kì í sábà dúró de àlàyé. Ẹ wo ọmọbìnrin tó ti ilé-ìwé dé, tí ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń pè ní ate, kò bi í pé ta ló nà án, ohun tó wí ni "Kumain ka na ba?", ìyẹn ni pé ṣé o ti jẹun, ó bu ìrẹsì sínú àwo, ó fọwọ́ yọ egungun ẹja kúrò, ó sì jókòó tì í títí ó fi jẹun tán. Pakikiramdam ni wọ́n ń pe irú òye bẹ́ẹ̀: kí ènìyàn mọ ohun tó ń ṣe ẹnìkejì kí onítọ̀hún tó la ẹnu. Lẹ́yìn ẹbí, barkada ló kàn, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń rìn, tí wọ́n jọ ń jẹ.

Tẹlifóònù kò lè yọ egungun ẹja fún ọmọ. Àfi kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, hiya, ìyẹn ìtìjú, sì ń dí i lẹ́nu. Síbẹ̀, hiya yìí kan náà ló mú kí n gbóríyìn fún iṣẹ́ náà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ní Hong Kong, tó ń fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́, mọ̀ pé òun jẹ ìyá náà ní gbèsè oore, utang na loob. Bí ìyá bá pè é lórí fídíò, ẹ̀rín ni yóò máa rín, kò ní fẹ́ dá kún ẹrù rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò àjèjì tó lè gbọ́ tirẹ̀ ní aago méjì òru, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì ní dé ìdí oúnjẹ ẹbí. Nítorí èyí nìkan, mo gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n fi nọ́ńbà náà pamọ́ sórí fóònù wọn.

Àbùkù tó dùn mí jù ni ti owó. Orí tẹlifóònù ilé, ní erékùṣù Luzon, ni 1553 ti jẹ́ ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ fóònù alágbèéká lọ̀dọ́ ń lò, owó ìpè tí wọ́n ń pè ní load ni wọ́n sì ń rà díẹ̀díẹ̀ ní sari-sari, ìsọ̀ kékeré àdúgbò. Ọmọ Cebu tàbí Davao, tí kì í ṣe ara Luzon, tí load rẹ̀ tán lóru, báwo ni yóò ṣe pè? Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2024, tó ní kí àwọn ilé-ìwé ìjọba ní ibùdó ìtọ́jú ọkàn tiwọn, tù mí nínú díẹ̀, nítorí àgbà tó wà níbẹ̀ lè rí ojú ọmọ.

Ohun tí mo sì ń fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé ìpè ni pé kí wọ́n bi ọmọ léèrè ẹni tó máa ń bu oúnjẹ fún un nílé, kí wọ́n sì bá a wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni náà kó tó gbé fóònù sílẹ̀.