Orí lẹ fẹ́ fi máa darí kọ̀ǹpútà? Ẹ má tíì náwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra nǹkan tí kámẹ́rà fi ń wo ojú èèyàn kí ọfà kọ̀ǹpútà lè máa tẹ̀lé orí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọwọ́ àbúrò mi ò lè di máòsì mú, méjì àkọ́kọ́ nínú àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ yìí la sì ti lò nílé wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́.

Camera Mouse, ètò kọ̀ǹpútà ti Boston College ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, Windows nìkan ló wà fún. Ẹ máa tẹ ibì kan lójú ara yín nínú àwòrán, ká ní imú, ibẹ̀ ló máa dì mú. Àmọ́ àbúrò mi sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Camera Mouse kúrò ní imú ó bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọfà wá ń rìn gbéregbère, èmi tí mo ń jẹun lọ́wọ́ ni mo tún dìde lọ bá a tẹ imú ẹ̀ padà.

eViacam náà ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Linux, òun fúnra ẹ̀ ló ń wá ojú èèyàn, kò ní kẹ́ ẹ tẹ imú kankan. Òun lèmi mú o.

Àwọn méjèèjì, tí ọfà bá ti dúró síbì kan díẹ̀, wọ́n á tẹ ibẹ̀. Ẹ fi kún àsìkò ìdúró yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ka ìròyìn ló ń ṣí ohun tẹ́ ẹ ò pè. Smyle Mouse ní tiẹ̀, ẹ̀rín lẹ máa rín kó tó tẹ nǹkan, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń gbà, àbúrò mi tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan yìí, háà! Ẹni tó bá ní Mac tuntun, Head Pointer tó ń fi orí darí ọfà ti wà nínú Accessibility ẹ̀, ìyẹn ibi ètò ìrànwọ́ fún aláàbọ̀ ara, kó má ra nǹkan kan.

Ìmọ́lẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fèrèsé wà lẹ́yìn àbúrò mi tẹ́lẹ̀, ojú ẹ̀ dúdú nínú kámẹ́rà, ọfà ń gbọ̀n, a yí tábìlì kó lè kọjú sí fèrèsé, ó dúró wámúwámú. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, lámpù tó ń gba chárjì la máa ń gbé síwájú ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn o.

HeadMouse Nano, tó jẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe ètò, ò nílò ìmọ́lẹ̀ yẹn, ìlẹ̀mọ́ kékeré tó ń dán lẹ máa lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ìtànṣán tí ojú ò lè rí ló fi ń wá a, nínú òkùnkùn náà ó ń rí i. Àmọ́ owó ńlá ni. Ẹ fi lámpù àti eViacam gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ méjì ná, tí kò bá lọ, kẹ́ ẹ wá béèrè iye ẹ̀.