Ear plug omi yàtọ̀ sí ear plug ariwo: mẹ́ta tí mo ti rà, àti èyí tí mo mú nínú wọn

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ ra ear plug, ìyẹn ohun tá a fi ń dí etí, kó ní sùúrù kó ka èyí ná. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ẹ̀rọ tó ń fá pákó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní gbogbo Sátidé, torí náà ọ̀rọ̀ etí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílé mi. Irú mẹ́ta ni mo ti rà, kò sí ìkankan níbẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Àṣìṣe tèmi ni màá kọ́kọ́ sọ. Mo mú méjì nínú ti fóòmù tá à ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, mo fún ọmọ pé kó fi dí etí kó tó wọ pool, mo rò pé ohun tó bá ti lè dá ariwo dúró á dá omi náà dúró. Rárá o! Ńṣe ni fóòmù ń fa omi mu bíi kànìnkànìn, omi yẹn sì jókòó sínú etí ọmọ. Ọjọ́ kejì etí bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ọjọ́ kẹta mo kàn fọwọ́ ba etí yẹn báyìí, ó figbe ta. Dókítà rọra fa etí yẹn sókè, ó rí bí ọmọ ṣe fà sẹ́yìn, ó ní awọ inú ihò etí ló wú, omi ló fà á, ó kọ oògùn kíkán fún wa, ó ní kò gbọ́dọ̀ wọmi títí tó fi máa san. Ó wá bi mí pé, “Dádì, ṣé ẹ máa ń fi cotton bud nù ún tó bá jáde nínú omi?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́, ó ń ha awọ ibẹ̀, ó tún ń ti ìdọ̀tí wọlé sí i. Ó dùn mí wọra, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi dí etí yẹn.

Èyí tí mo wá rà fún un ni Mack's Pillow Soft, sìlíkóònù ni, ó rọ̀ bí ìda tí ooru ọwọ́ ti mú. A kì í kì í bọ inú ihò o, ẹnu ihò la fi ń bò, ká wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ yíká kó lẹ̀ mọ́ awọ. Etí gbọ́dọ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ sì kó irun kúrò lọ́nà, irun kan ṣoṣo ti tó fún omi láti wọlé. Tó bá ti dọ̀tí tàbí tí kò lẹ̀ mọ́, ẹ jù ú nù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ bẹ́ lọ sísàlẹ̀ ibi tó jìn pẹ̀lú ẹ̀, omi á máa tì í wọnú. Ẹni tí ìlù etí ẹ̀ bá sì ti lu, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí.

Èyí tó rí bí olú mẹ́ta tó gun ara wọn, tó ní okùn, mo rà á, ó ń yọ létí ọmọ, mo ti gbé e fún ẹlòmíì.

Ó wá ku ti ariwo, ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Mo fi ápù orí fóònù wọn ẹ̀rọ wa, ó ń sún mọ́ 97 decibel, ìyẹn ìwọ̀n bí ariwo ṣe pọ̀ tó. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, ní tí ariwo bá jẹ́ 85, wákàtí 8 lóòjọ́ ni òpin ẹ̀, tó bá ti fi 3 lé sí i kí àkókò yẹn já sí ìdajì, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ dé 97, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni! Àwa sì ń fá pákó láti àárọ̀ dalẹ́. Nọ́ńbà NRR tó wà lára páálí, ìyẹn iye decibel tí wọ́n ní ear plug lè dín kù, ẹ má yọ ọ́ lódindi nínú ariwo, ẹ yọ 7 kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ pín ìyókù sí méjì, èyí tó bá kù lẹ máa yọ nínú ariwo. Sìlíkóònù ọmọ mi jẹ́ 22, ìyẹn ò tó 8, ariwo ṣì ń bẹ lókè 89. Fóòmù Max ti Howard Leight jẹ́ 33, ìyẹn já sí 13, ó gbé wa dé 84. Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kàn fi há ẹnu etí, owó yín ti wọgbó. Ẹ fọ lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lọ́wọ́ ná, ẹ yí fóòmù yẹn títí á fi tínrín bí òwú fìtílà, ẹ gba ẹ̀yìn orí fi ọwọ́ kejì fa etí sókè, ẹ tì í wọlé, kẹ́ ẹ dì í mú, ẹ ka ení èjì dé ọgbọ̀n. Ẹ máa gbọ́ tí ohùn yín á yí padà, tí á dà bíi pé inú ìkòkò lẹ ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọṣẹ́ mi ní, “Ọ̀gá, mi ò ní gbọ́ tẹ́ ẹ bá pè mí.” Mo ní kó máa wojú mi, ọwọ́ ni màá fi pè é.

Sátidé tó kọjá ọmọ mi fúnra ẹ̀ ló tẹ tiẹ̀ mọ́ etí, ó ní kí n wò ó bóyá àlàfo kankan ṣẹ́ kù. Mo wò ó yíká, kò sí. Ó bẹ́ sómi.